Àwòrán Tí Kò Ní Oríkì: Fọ́tò, Orúkọ àti Ìrántí Lójú Ọ̀nà Lẹ́kì sí Ajah

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń ti Victoria Island bọ̀ wá sí Lẹ́kì yóò kan tóògéètì Admiralty Circle kí ó tó wọ àárín ìlú tuntun náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS pàgọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ibẹ̀ sì ni àwọn ṣọ́jà ti yìnbọn ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà. Ìjọba kò gbé ère kankan kalẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń ya àwòrán. Àwọn kan ń yà á láti inú ọkọ̀ tó ń sáré lọ. Àwọn mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dúró kí òrùlé géètì náà lè hàn lẹ́yìn wọn. Bí ọjọ́ náà bá yípo dé, àwọn ọ̀dọ́ a kó àsíá orílẹ̀-èdè wá. Ní ọdún 2021, Falz àti Mr Macaroni ṣáájú ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó wọ́ kọjá níbẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá fi tajútajú tú àwọn tó péjọ ká.

Ìbéèrè tó wà níwájú lámèyítọ́ ni pé: kí ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣe? Èrò méjì ló gbòde. Àwọn kan gbà pé fọ́tò ti tó ohun ìrántí, pé bí ìjọba kò bá gbé ère dúró, íntánẹ́ẹ̀tì ti bá wọn gbé e dúró. Àwọn kejì sọ pé àfẹ́ lásán ni, pé ẹni tó ń ṣe ojú fún fóònù níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kò mọ ọ̀wọ̀ òkú. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé ibì kan náà ni èrò méjèèjì ti ṣìnà: orí àwòrán nìkan ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà kà. Nínú ìrònú Yorùbá, àwòrán kì í dá rántí ẹnikẹ́ni. Orúkọ, ìtàn orúkọ náà, àti ẹni tó ń pè é ló ń sọ ọ́ di ìrántí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, a kò lè dá tóògéètì náà kà láìka gbogbo ojú ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí Ajah, nítorí lójú ọ̀nà yẹn ni a ti lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ tí kò ní olùpè.

Àwòrán àti ìwòran

Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí Babátúndé Lawal gbé jáde lórí àwòrán ní ọdún 2001. Ó ṣàlàyé pé ìsúnkì ‘à-wò-rántí’ ni ‘àwòrán’, ìyẹn ohun tí à ń wò kí a lè rántí. Àǹfààní àlàyé yìí pọ̀. Ó fi hàn pé kì í ṣe ìjọra nìkan ni Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ àwòrán; wọ́n ń béèrè pé kí ó mú ẹni tí kò sí níbẹ̀ padà wá sí ọkàn ẹni tó ń wò ó. Ère ìbejì kì í jọ ọmọ tó kú. Àgbàlagbà ni ojú rẹ̀ ń jọ, síbẹ̀ ìyá tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn kùn ún, ń rí ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá mú àlàyé náà ní ṣákálá, yóò dà bí ẹni pé wíwò nìkan ti tó láti bí ìrántí. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó fara pẹ́ ẹ: ‘wòran’, tó wá láti ara ‘wo ìran’. Láti ibẹ̀ ni ‘ìwòran’ àti ‘òǹwòran’ ti jáde. Òǹwòran ni ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, tó ń wo eégún tàbí ìjà, tí kò sì jẹ ohun tó ń wò ní gbèsè kankan. Nígbà tí ìran bá tán, yóò lọ sílé rẹ̀. Létí, ohùn sílébù ìkẹyìn nìkan ló ya ‘wòrán’ nípá kúrò lára ‘wòran’. Nínú ìṣe, ohun tó yà wọ́n jinlẹ̀ ju ohùn lọ. Ohun tí a sọ sí ohun tí a ń wò ló yà wọ́n.

Ibí yìí ni iṣẹ́ Rowland Abíọ́dún ti wúlò. Nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́-ọnà àti èdè Yorùbá (2014), ó tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́-ọnà kò ṣe é yà kúrò lára oríkì, pé ère gan-an ń ṣe iṣẹ́ oríkì. Ẹni tó bá rí ère tí kò gbọ́ oríkì rẹ̀, ìdajì ló rí. Karin Barber náà, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù (1991), fi hàn pé oríkì kì í to ìtàn ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ̀là ọ̀rọ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí a bá so èrò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀, òdiwọ̀n kan jáde. Àwòrán di ìrántí bí orúkọ bá wà tí a lè pè, bí ìtàn bá wà lẹ́yìn orúkọ náà, bí ẹnì kan bá sì wà tó gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ láti máa pè é. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, àwòrán náà a padà di ìran.

Màrókò: orúkọ tó kù sára àgọ́ ọlọ́pàá

Kí tóògéètì tó wà ni Màrókò ti wà. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọlọ́jà, àwọn apẹja àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ni, lẹ́bàá Victoria Island. Ní oṣù keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Raji Rasaki, kàtàkátà wọ ibẹ̀, wọ́n sì wó o palẹ̀. Iye tí àwọn tó kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń dárúkọ fún àwọn tó pàdánù ilé wọn jẹ́ nǹkan bí 300,000. Ìjọba sọ pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé òkun lè bò ó, pé àyíká rẹ̀ kò sì mọ́. Ìdílé díẹ̀ ni wọ́n pín sí àwọn ilé ìjọba ní Ìlàsàn, Ìkòtá àti Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n da yanrìn sí ilẹ̀ tí wọ́n ní òkun yóò bò, ilé olówó ńlá sì hù lórí rẹ̀. Ibùdókọ̀ kan nítòsí ibẹ̀ ń jẹ́ Sandfill títí dòní. Yanrìn tí wọ́n dà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tí yanrìn náà bo ìpìlẹ̀ ilé wọn kò sí nínú orúkọ náà.

Orúkọ Màrókò fúnra rẹ̀ kò parẹ́ pátápátá. Ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tó kù sí ni àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ṣì ń pè ní àgọ́ ọlọ́pàá Màrókò. Ọ̀dọ́ Lẹ́kì kan lè mọ orúkọ náà dáadáa, kó sì rò pé orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá lásán ni. Orúkọ wà, ìtàn rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Lẹ́kì, wọ́n wó ilé náà, orúkọ wá ń wá ilé tí yóò wò.

Inú ìwé ni ìtàn Màrókò sá sí. Wọlé Ṣóyínká mú àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ wọ inú eré rẹ̀, The Beatification of Area Boy (1995), tí àwọn ènìyàn tó di ẹrù sórí ń wọ́ kọjá níwájú àwọn ilé ìtajà olówó ńlá. Maik Nwosu gbé ìtàn Màrókò kalẹ̀ nínú Invisible Chapters. Chris Abani náà fi Màrókò ṣe ibùdó ìtàn nínú GraceLand (2004). Àwọn ìwé yìí ṣe iṣẹ́ tí ère ìbá ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn onímọ̀ Yorùbá kíyè sí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tó jẹ́ pé èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí àwọn ará Màrókò fi ń ná ọjà, tí wọ́n sì fi ń sọ ọmọ wọn lórúkọ. Bí Màrókò bá ní ìtàn nínú ìwé, tí kò ní oríkì lẹ́nu àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀, ìrántí rẹ̀ yóò máa gbé ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Abraham Adesanya: orúkọ tó di ibùdókọ̀

Bí ọkọ̀ bá kọjá Ìkòtá, tó ń súnmọ́ Ajah, yóò kan oríta kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣòro láti gbọ́, nítorí kọ̀ńdọ́ dáńfó ń fi ohùn rara pè é: Abraham Adesanya. Agbẹjọ́rò ni Adesanya, sẹ́nétọ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn olórí NADECO ni nígbà tí ìjọba ológun Sani Abacha ń dọdẹ àwọn alátakò rẹ̀, ó sì di olórí Afẹ́nifẹ́re. Ní oṣù kìíní ọdún 1997, àwọn agbébọn da ìbọn bo ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó, orí ló kó o yọ. Ó kú ní ọdún 2008. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe ilé ìjọba tó wà níbẹ̀, orúkọ náà sì tàn dé oríta àti ibùdókọ̀.

Nínú gbogbo orúkọ tó wà lójú ọ̀nà yìí, kò sí èyí tí ẹnu ń pè tó èyí. Bí a bá fi ìpè nìkan ṣe òdiwọ̀n, kò sí òkú tí a ń rántí tó Adesanya ní agbègbè Ajah. Síbẹ̀, ìpè kọ̀ńdọ́ kì í ṣe oríkì. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló ń pè. Èrò tó dáhùn pé òun yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò ní láti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n yìnbọn sí nítorí ìjọba tiwa-n-tiwa ni ó ń fi orúkọ rẹ̀ san owó ọkọ̀. Ìyàtọ̀ Màrókò sí Adesanya ni pé ìjọba fẹ́ kí a gbàgbé ọ̀kan, ó sì fẹ́ kí a rántí èkejì. Ìjọra wọn ni pé orúkọ tí kò ní ìtàn lẹ́yìn a máa di àmì ọ̀nà lásán, yálà ìfẹ́ ló bí i tàbí ìkórìíra.

Ìyẹn ló fi yẹ kí a fara balẹ̀ wo ìdámọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe. Ìgbìmọ̀ náà, tí adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìjábọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Lára ohun tó dábàá ni pé kí tóògéètì náà di ibi ìrántí, kí orúkọ rẹ̀ di EndSARS Tollgate, kí a sì ya ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i, ìyípadà orúkọ náà kò sì wáyé. Àdánù ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ wáyé, orúkọ lásán kò ní gba ibẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ogún ọdún, kọ̀ńdọ́ lè máa pe EndSARS bí wọ́n ṣe ń pe Abraham Adesanya. Ohun tó lágbára jù nínú ìdámọ̀ràn náà ni ọjọ́ tí a ó yà sọ́tọ̀, nítorí ọdún ni Yorùbá fi ń dá olùpè sílẹ̀. Ọdún ló ń fi dandan lé e pé kí ẹnì kan dìde, kí ó sọ ìdí tí a fi péjọ.

Alààyè tó dúró fún òkú

Pẹ̀lú òdiwọ̀n yìí, a lè padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ya ara wọn níwájú tóògéètì. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kàn wọ́n ni pé ara wọn ni wọ́n ń yà, kì í ṣe òkú. Ẹ̀sùn náà mọ́gbọ́n dání ní àwọn ìlú kan. Ní Berlin, ìlú tí ogun wó, tí wọ́n tún kọ́, ibi ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní Yúróòpù wà láti ọdún 2005, òkúta kọnkéré 2,711 ló sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2017, Shahak Shapira mú àwọn fọ́tò tí àwọn àlejò ya ara wọn lórí àwọn òkúta náà, ó sì gbé àwọn àlejò náà sáàárín àwòrán àgọ́ ikú tí òkúta náà ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ohun tó ń bá wí ni pé ìrántí wà níwájú wọn, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Lẹ́kì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ìrántí tí ẹnikẹ́ni lè kọ ẹ̀yìn sí. Ẹni tó ya tóògéètì nìkan yóò ní fọ́tò òrùlé, òpó àti ọkọ̀. Bí ó bá fi í han ẹlòmíràn, kò sí ohun tí yóò sọ pé ènìyàn kú níbẹ̀. Ara alààyè tó dúró níwájú rẹ̀ ni àmì kan ṣoṣo pé ẹnì kan mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ó tìtorí rẹ̀ wá. Ìṣe yìí sì ní baba nínú àṣà. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní ọdún 1978 lórí fọ́tò láàárín Yorùbá, Stephen Sprague ṣàlàyé ohun tó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láì ní fọ́tò, ayafọ́tò a ya èyí tó kù láàyè, a sì tẹ̀ ẹ́ léèmejì sínú àwòrán kan, kí ìbejì méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a wọ aṣọ akọ fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, a sì wọ aṣọ abo fún un lẹ́ẹ̀kejì. Alààyè yá òkú ní ara. Kò sí ẹni tó pe èyí ní àfẹ́.

Àkó ní Ọ̀wọ̀ tún jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Abíọ́dún kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1976: ère tó ga tó ènìyàn, tí wọ́n wọ aṣọ olóògbé fún, tí wọ́n gbé yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n ń fẹ́ kí ó jọ olóògbé tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú yóò fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìlú tó dá a mọ̀, ẹbí ti mọ ẹni tí wọ́n ń gbé.

Ibẹ̀ gan-an ni fọ́tò Lẹ́kì ti kùnà. Kì í ṣe pé alààyè gba ipò òkú, nítorí àṣà gbà á láyè. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé alààyè náà kò mọ orúkọ ẹni tó ń dúró fún. Ìyá ìbejì mọ̀ bóyá Táíwò ni ó kú tàbí Kẹ́hìndé. Ẹbí olóògbé ní Ọ̀wọ̀ mọ ẹni tí aṣọ náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó gbé àsíá dúró níwájú tóògéètì ń dúró fún ‘àwọn akọni’, fún ‘àwọn tó kú’. Ọ̀rọ̀ àpapọ̀ ni wọ̀nyí, oríkì kò sì mọ ọ̀rọ̀ àpapọ̀. Oríkì orílẹ̀ pàápàá, tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í pẹ́ kí ó tó kan ẹnì kan pàtó.

Ẹ̀rí kì í ṣe ìrántí

Ìdí pàtàkì wà tí ọ̀rọ̀ àpapọ̀ fi gbilẹ̀ ní Lẹ́kì. Láti òru ọjọ́ tí ìbọn dún ni wọ́n ti fi ẹrù ẹ̀rí di àwòrán. DJ Switch gbé ìṣẹ̀lẹ̀ náà sáfẹ́fẹ́ lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wò ó lójú ẹsẹ̀. Àwòrán àsíá tí ẹ̀jẹ̀ ta sí kárí ayé. Ìròyìn ò tó àfojúbà ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, fóònù sì ti sọ gbogbo ayé di ẹni tó fojú ba á. Síbẹ̀, ìjà náà kò tán. Àjọ Amnesty International sọ pé ó kéré tán, ènìyàn 12 ni wọ́n pa ní Lẹ́kì àti Aláùsá. Ìgbìmọ̀ Okuwobi pè é ní ìpakúpa, ó sì to orúkọ 48 àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí wọ́n lù. Nínú ìwé èsì rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ nípa ikú. Ó tọ́ka sí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn òkú, tó sì ti fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ kan náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn olùpẹ̀jọ́ mẹ́ta lójú, DJ Switch sì wà lára wọn. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò gbà pé wọ́n fìdí ẹ̀sùn títẹ ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè múlẹ̀.

Èyí kò sọ fọ́tò àti fídíò di asán. Láìsí wọn, ìjọba ì bá ti sọ pé kò sí ẹni tó lọ síbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iṣẹ́ ẹ̀rí yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìrántí. Ẹ̀rí wà fún ẹni tó ń jiyàn. Bí ó bá ti kan ẹnì kan tó fẹ́ jiyàn, yóò máa jà títí ayé. Ìrántí wà fún ẹni tó ti mọ̀. Nígbà tí gbogbo àwòrán Lẹ́kì ń sáré láti dá alátakò lóhùn, kò sí èyí tó ráyè láti yíjú sí òkú. Ibi tí ọ̀kan nínú orúkọ tí ìgbìmọ̀ tò ti yẹ̀, ìjọba fi í ṣe ẹnu ọ̀nà láti jáde kúrò lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ní olùpè tirẹ̀, ìyẹn ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tó mọ ìtàn rẹ̀, àṣìṣe orí ẹnì kan kì bá tí lè yẹ àwọn yòókù.

Òkú Ajah

Ẹ̀rí tó burú jù pé àwòrán láìsí orúkọ kò tó wà ní ìparí ojú ọ̀nà náà. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kan jáde síta, tó fọwọ́ sí owó tó lé ní mílíọ̀nù 61 náírà fún ìsìnkú àpapọ̀ òkú 103, tí ìwé náà pè ní ti EndSARS ọdún 2020. Nígbà tí ariwo sọ, ìjọba fèsì pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti tóògéètì Lẹ́kì wá. Ó ní ibi rògbòdìyàn káàkiri ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn: Fágbà, Kétu, Ìkòròdú, Orílé, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ajah wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìdáhùn náà ṣe. Ó fi tóògéètì pààlà. Òkú tó bá bọ́ sí inú ààlà náà ni ayé ń béèrè. Èyí tó bá bọ́ sí ìta rẹ̀, a lè sin ín pọ̀ mọ́ 102 mìíràn láìsí ìbéèrè. Bí ìdáhùn ìjọba bá sì jẹ́ òtítọ́ látòkèdélẹ̀, ìṣòro náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó kú ní Ajah kú ní ọ̀sẹ̀ kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, kìlómítà díẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ ayàwòrán pọ̀ sí. Kò sí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò ní Ajah ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Ajah kò ní òrùlé tó gùn, kò ní iná tó tàn, kò ní fídíò tó kárí ayé. Àwọn tó ń rántí Lẹ́kì, láìmọ̀, ti bá ìjọba pààlà náà. Wọ́n gbé ìrántí ka ibi tó ṣe é yà, ibi tí kò ṣe é yà sì bọ́ sínú ìgbàgbé. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní Ajah, ẹni tí yóò kó o gan-an kò tíì fara hàn.

Àtakò méjì

A lè ṣe àtakò sí òdiwọ̀n yìí ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé oríkì jẹ́ ti ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó péjọ sí Lẹ́kì wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà. Òótọ́ ni. Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé kí wọ́n ki ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Ẹdó ní oríkì Yorùbá. Ohun tó sọ ni pé ìlànà tó wà nínú oríkì, ìyẹn orúkọ kan, ìtàn kan, olùpè kan, kò mọ ẹ̀yà. Èkó ti pẹ́ tó ti ń gba àlejò, èdè rẹ̀ sì ti kọ́ láti pe orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èkejì wúwo jù. Àwọn ẹbí kan lè máa bẹ̀rù. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń fi tajútajú tú àwọn tó wá ṣe ìrántí ká, ìyá tó pa orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu kò gbàgbé ọmọ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ìbẹ̀rù yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ ìgbàgbé, lámèyítọ́ kò sì ní àṣẹ láti fipá gba orúkọ lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìdí nìyí tí olùpè fi ṣe pàtàkì ju pátákó lọ. Pátákó a máa gbé orúkọ jáde fún gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Olùpè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun pè é, mọ ẹni tó yẹ kí ó gbọ́, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ̀rù yóò kúrò.

Àgbálọgbábọ̀

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó mọ bí a ṣe ń sọ ibi ìrora di ibi ìrántí. Ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ní Broad Street ti di Freedom Park láti ọdún 2010, àwọn àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n sì ń rí ẹni bi léèrè ohun tí ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Lẹ́kì ni pé òyìnbó ló kọ́ ẹ̀wọ̀n náà. Kò rọrùn fún ìjọba kankan láti gbé ère dúró fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jiyàn, Màrókò sì ti fi hàn pé ìdúró de ìjọba lè pẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó ọwọ́ ìjọba nìkan. Àwọn tó ń ya fọ́tò níwájú tóògéètì kò jẹ̀bi pé wọ́n gbé ara wọn síwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ṣe ìdajì ohun tí ìyá ìbejì ṣe ní Ìlá. Ìdajì tó kù ni orúkọ. Fọ́tò tí ó bá jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan tí ẹbí rẹ̀ fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìlú tó ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń pè é, yóò ṣe ju ẹgbẹ̀rún àsíá lọ. Fún àwọn onímọ̀ Yorùbá, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba oríkì sílẹ̀ ní ìlú àtijọ́, ẹ̀kọ́ náà hàn kedere: Ìlàsàn, níbi tí àwọn ará Màrókò ṣì wà, àti Ajah, níbi tí òkú kò ti ní fọ́tò, yẹ fún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bí Òkukù ṣe yẹ fún un. Àwọn tó ranti ilé wọn ní Màrókò ti ń darúgbó. Orúkọ àdúgbò wọn, ti ọjà wọn àti ti àwọn aládùúgbò wọn ṣì wà lẹ́nu wọn báyìí.